Ẹ Má Tíì Bẹ́ Sómi

"Bọ́ bàtà ẹ, Jere."

"Mi ò bọ́ ọ."

"Ṣé bàtà lo fẹ́ fi lúwẹ̀ẹ́ ni?"

"Mi ò lúwẹ̀ẹ́ kankan. Mo ti sọ fún ẹ."

Bwembya wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tòkè tilẹ̀. Àwọn méjèèjì ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Bwembya ti wọ pátá ìlúwẹ̀ẹ́, ó ti ki fìlà rọ́bà bọrí, ikùn rẹ̀ sì yọ síwájú bí ẹni gbé igbá síbẹ̀. Ní ti Jere, orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ṣòkòtò gígùn, àti bàtà aláwọ tó ń dán, bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Lóde, èrò ń hó. Ìdíje àwọn àgbà òmùwẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣe ní Lusaka. Àwọn obìnrin ló wà lómi lọ́wọ́, eré ìje ẹlẹ́ni-mẹ́rin ti àwọn ọkùnrin ló sì kàn. Kálukú á lọ, á bọ̀, á fọwọ́ kan ògiri, ẹnì kejì rẹ̀ á sì bẹ́. Ẹni mẹ́ta kò lè ṣe eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin. Bí Jere ò bá bọ́ bàtà, gbogbo wọn á padà sílé láì fẹsẹ̀ kan omi.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ni Hamoonga wí láti ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin gìrìwò ni, ó ń sin màlúù ní Monze. "Bóyá bàtà yẹn ló ń gbé e léfòó."

"Kí ni ìwọ mọ̀ nípa ohun tó ń gbéni léfòó?" ni Nalumino dá a lóhùn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, láti Mongu, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. "Ṣebí ibi tí màlúù ti ń mumi lo ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́."

"Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Ẹ̀yin tí omi ń lé kúrò nílé lọ́dọọdún, tí ẹ ó wá kó ẹní yín sínú ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ ó máa lùlù pé ọdún lẹ̀ ń ṣe!"

Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé ìjà ti dé. Mbuya ni wọ́n jẹ́ síra wọn, Tonga ti Hamoonga sí Lozi ti Nalumino, bí Bemba ti Bwembya náà ṣe jẹ́ mbuya sí Ngoni ti Jere. Àwọn baba ńlá wọn ló jagun. Nígbà tí ogun tán, yẹ̀yẹ́ ló kù nílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Mbuya rẹ lè bú ọ níbi ìgbéyàwó. Ó lè dùbúlẹ̀ sínú sàárè tí wọ́n gbẹ́ dè ọ́, kó ní òun ò jáde àfi tí wọ́n bá fún òun ní adìyẹ. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀: o ò gbọdọ̀ bínú.

"Ẹ lọ dúró síbi pèpéle," Bwembya sọ fún àwọn méjèèjì. "Ẹ ní à ń bọ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó ti Jere. Ó lo ọ̀nà tó mọ̀.

"Ìwọ ajẹku yìí. Ṣé tórí kò sí ihò tó o lè sá wọ̀ nínú omi ni ẹ̀rù fi ń bà ẹ́?"

Ó dúró kí Jere dá a padà. Láti kékeré ni Bemba ti ń pe Ngoni ní ajẹku, torí eku tí wọ́n ń jẹ, tí Ngoni sì ń pe Bemba ní ajọ̀bọ, torí ọ̀bọ. Bí èèyàn bá jí Jere lójú oorun tó pè é ní ajẹku, "ajọ̀bọ" lá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ kó tó la ojú. Àmọ́ lónìí Jere kò fèsì, bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba Bwembya.

Luanshya ni wọ́n ti mọra, nígbà tí bàbà tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ ṣì níyì lọ́jà ayé. Ọmọ ilé-iṣẹ́ kùsà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ náà wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn sinimá, omi rẹ̀ mọ́ débi pé bí owó ẹyọ bá já bọ́ síbi tó jìn jù, o lè rí orí ẹyẹ tó wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ wọn, Ba Kalaba, wẹ́dà ni lójú ọ̀sán. Okùn bàtà ló fi so fèrè rẹ̀ mọ́rùn. Bí wọ́n bá jáde lómi, ebi á ti fẹ́ pa wọ́n kú, wọ́n á sáré lọ sẹ́yìnkùlé ìyá Jere, níbi tí ànàmọ́ ti ń sun lábẹ́ eérú. Wọ́n á jẹ ẹ́ gbígbóná, ara wọn á máa rùn fún oògùn tí wọ́n ń dà sómi. Títí dòní, bí Bwembya bá gbọ́ òórùn oògùn yẹn níbikíbi, ìbáà jẹ́ nílé ìwòsàn, ànàmọ́ sísun ni ẹnu rẹ̀ á máa ṣomi sí.

Kó tó wá sí Lusaka ló yà wo adágún náà. Ilé-iṣẹ́ ti yọwọ́ tipẹ́, kò sómi níbẹ̀ mọ́. Igi ìbẹ́pẹ ti hù níbi tó jìn jù, ó sì ti so. Bwembya jókòó sétí ẹ̀, ó fẹsẹ̀ méjèèjì rọ̀ sínú òfìfo, ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ká ìbẹ́pẹ kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti inú adágún yẹn ni wọ́n ti bọ́ sí Bulawayo, ní ọdún márùndínlógójì sẹ́yìn, láti lọ ṣojú Zambia láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ìhà gúúsù. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n kún. Nalumino ló kọ́kọ́ lọ, Hamoonga tẹ̀ lé e, Jere ṣìkẹta, Bwembya ló sì parí ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri. Ariwo sọ. Jere tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè kò dúró wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó fò, ó bẹ́ sómi, ó sì dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè méjì ṣì wà lójú omi tí wọn ò tíì dé. Òfin eré ìje ẹlẹ́ni-mẹ́rin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ padà wọnú omi títí gbogbo èèyàn á fi parí. Ba Kalaba ti sọ ọ́ fún wọn títí ẹnu ẹ̀ fi bó. Wọ́n wọ́gi lé wọn, wọ́n gbé góòlù wọn fún ẹlòmíì. Nínú rélùwéè tí wọ́n wọ̀ bọ̀ wálé, Ba Kalaba kò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi kọjá afárá Livingstone lẹ́nu ibodè. Ohun tó wá sọ ni pé, "Ó kéré tán, ẹ yára."

Láti ọjọ́ yẹn ni Bwembya ti rí yẹ̀yẹ́ fi mbuya rẹ̀ ṣe. Níbikíbi tí Jere bá ti gbé ife omi, Bwembya á pariwo pé, "Ẹ dì í mú o, kó má bẹ́ sínú ẹ̀!"

"Jere," ló wá wí nísinsìnyí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Lórí fóònù o ní gbogbo Sátidé lò ń lọ gbára dì ní Chipata."

"Mò ń lọ. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà tó ní adágún. Màá jókòó sórí àga, màá mu Fáńtà kan, màá máa wo omi. Tó bá yá màá lọ sílé."

"O ò wọnú ẹ̀?"

"Bàtà yìí náà ni mo máa ń wọ̀ lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bwembya, àmọ́ ó gbé e mì. "Ìgbà wo lo wá wọ omi gbẹ̀yìn?"

"Bulawayo."

Ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ kan gbá. Ẹni kan láti Kẹ́ńyà wọlé wá mú aṣọ ìnura rẹ̀, ó kí wọn, ó jáde.

"Nígbà ìgbéyàwó Tiyamike ọmọ mi," Jere bẹ̀rẹ̀, kò wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, "o gba makirofóònù. O ní kí wọ́n gbé gbogbo omi orí tábìlì kúrò níwájú bàbá ìyàwó, kó má lọ bẹ́ sínú ẹ̀, kí wọ́n wá wọ́gi lé ìgbéyàwó."

"Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín."

"Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a sin ìyá ẹ̀ ńkọ́? Òjò rọ̀, omi dúró nínú sàárè..."

"Mo rántí ohun tí mo sọ."

"O rántí? Ẹni tó yàgbẹ́ ló lè gbàgbé, èmi tí mo kó o ò gbàgbé o, Bwembya. Iwájú pósí ìyàwó mi ni mo dúró sí, àwọn èèyàn sì ń wò mí bóyá màá bẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bwembya lára. Ó ṣí fìlà rọ́bà kúrò lórí, ó ń lọ́ ọ lọ́wọ́. "Kí ló dé tó ò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Kí n sọ fún ta ni? Mbuya ni ẹ́! Bí mo bá bínú, wọ́n á ní Jere ti sọnù, kò mọ àṣà mọ́. Bí mi ò bá bínú, inú mi ń jó. Ẹ̀rín ni mo ń rín, láti ọdún yìí wá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ̀rù omi kọ́ ló ń bà mí. Ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí. Bí ayọ̀ bá mú mi, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Bí a bá tún wá borí lónìí ńkọ́?"

Bwembya wo ikùn ara rẹ̀. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó sọ ọ́ sílẹ̀.

"Jere, wò mí dáadáa. Ṣé èyí lo rò pé ó máa borí?"

Ẹnu Jere mì. Ó ṣẹ́ ku díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni Bwembya sọ ohun tí kò sọ rí, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun fẹ́ sọ. "Lọ́jọ́ yẹn, mo fọwọ́ kan ògiri, mi ò mọ̀ pé a ti gbé ipò kìíní. Omi ti dí mi lójú, ó ti dí mi létí. Mo gbójú sókè, ìwọ ni mo rí. O na apá méjèèjì, ò ń bọ̀ wá bá mi látòkè. Ìwọ lo sọ fún mi pé a ti borí, kì í ṣe aago. A jọ rì ni. Ò ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ omi, ó ń hó jáde lẹ́nu ẹ lọ́ṣọ̀ọ́ṣọ́. Mo ti gbéyàwó, mo ti bímọ, wọ́n ti fún mi ní aago ìfẹ̀yìntì. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mi ò ní purọ́. Àwọn tó gba góòlù wa, irin ni wọ́n gbà."

"Kí ló wá dé tó o fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kiri?"

"Torí mo fẹ́ máa sọ ọ́ ni! Mi ò mọ ọ̀nà míì tí ọkùnrin lè gbà máa sọ ọ́." Ó ká fìlà rọ́bà náà sórí orúnkún. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Má bínú nípa ti ìyá Tiyamike."

Mbuya kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mbuya. Jere yíjú sí i bí ẹni tó gbọ́ tí òkúta sọ̀rọ̀.

Hamoonga ki orí bọlé. "Ìwọ aláṣọ funfun, àwọn obìnrin ti jáde lómi o! Àwọn ará Mauritius ti wà lórí ìlà, ara wọn ń dán bí ẹja tútù. Ṣé ká lọ tàbí ká má lọ?"

Bwembya ni Jere wò. "Bí ó bá tún ń ṣe mí bí i kí n bẹ́ ńkọ́?"

"Wò mí lójú. Bí mi ò bá pè ẹ́, má bẹ́. Bí gbogbo Zambia bá ń pariwo, èmi nìkan ni kó o gbọ́."

Jere tẹ̀ ba, ó tú okùn bàtà. Ó bọ́ ọ̀kan, ó bọ́ èkejì, ó tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Nígbà tó bọ́ ṣòkòtò gígùn, ó ti wọ pátá ìlúwẹ̀ẹ́ sábẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀: èyí tí wọ́n fún wọn ní Bulawayo, aláwọ̀ ewé, ó ti ṣá, ẹyẹ idì tó wà létí ẹ̀ ti jábọ́ ku ìyẹ́ kan.

"Ajẹku," Bwembya sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ajọ̀bọ," ni Jere wí.

Oòrùn oṣù kẹwàá mú bí iná. Òdòdó àwọn igi tó yí ògiri ká já bọ́ sétí omi, wọ́n tẹ́ síbẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Òórùn oògùn omi kọ lu Bwembya nímú, ànàmọ́ sì dé sẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fèrè dún. Nalumino bẹ́. Ọmọ odò Zambezi ni lóòótọ́, ó lọ jẹ́jẹ́ láì ta omi sókè, ó sì bọ̀ nípò kẹrin. Lẹ́yìn náà ló kan Hamoonga, omi sì rí ẹni tó tó o: ó bẹ́, omi kún jáde, ó rin ẹsẹ̀ àwọn adájọ́. Ó lọ bí màlúù tó ń sọdá, ó dé ògiri lọ́hùn-ún, ó sinmi díẹ̀ kó tó yí padà. Àwọn tó wà níwájú ń jìnnà sí i lọ.

Jere gun pèpéle. Òfin ni pé ẹsẹ̀ ẹni tó ń dúró kò gbọdọ̀ kúrò lórí pèpéle kí ẹni tó ń bọ̀ tó fọwọ́ kan ògiri. Hamoonga sún mọ́lé. Hamoonga kan ògiri. Ẹsẹ̀ Jere ò kúrò.

"Mo ti dé!" Hamoonga kígbe láti inú omi. "Ṣé ò ń retí kí n kọ̀wé ni?"

Jere bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ojú kan.

"Lọ!" Bwembya wí.

Ó ṣubú sómi ju pé ó bẹ́ lọ, àyà ló fi lu omi. Ó rì. Ó pẹ́ lójú Bwembya kí orí tó yọ. Apá ọ̀tún jáde, ó tún wọlé, ti òsì tẹ̀ lé e, bí ẹni tó ń wá ìlẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Díẹ̀díẹ̀, àwọn apá náà rántí. Ó ń gbé etí òsì sókè bó ṣe máa ń gbé e láti kékeré, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò lára ògiri. Ba Kalaba gbìyànjú títí láti mú àṣà yẹn kúrò lára rẹ̀, kò rí i mú. Bwembya dúró lórí pèpéle, ọkùnrin àgbà, kò sì rí orí tó pá tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ mọ́. Ọmọdékùnrin kan láti òpópónà kejì ló rí, tí ìyá ẹ̀ ń sun ànàmọ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ sínú awò tó fi bojú, kò sì ráyè nù ún.

Jere kan ògiri. Bwembya ré kọjá lórí rẹ̀.

Kò sí ohun tí èèyàn lè sọ nípa bí Bwembya ṣe lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà ju pé ó débẹ̀. Nígbà tó ń lọ, àwọn Mauritius ń bọ̀. Nígbà tó yí padà, ó gbọ́ tí wọ́n ń hó fún ẹni tó ṣe kìíní, lẹ́yìn náà fún èkejì, lẹ́yìn náà fún ìkẹta, títí àwọn yòókù fi dé tán. Èémí rẹ̀ ń ké bí ìlẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ó kù òun nìkan lójú omi, èrò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un, irú àtẹ́wọ́ tí wọ́n máa ń pa fún ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ìtìjú ò mú un. Ó na ọwọ́, ó kan ògiri.

Ó ṣí awò kúrò lójú. Lókè orí rẹ̀, Jere dúró sétí omi gan-an, omi ń ro lára rẹ̀, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di etí òkúta mú. Hamoonga dì í mú ní apá kan, Nalumino dì í mú ní apá kejì.

"Ṣé wọ́n ti dé tán?" Jere ń bi wọ́n. "Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé gbogbo wọn ló ti dé?"

"Wọ́n ti dé láti àná!" ni Nalumino wí. "Àwọn kan ti nura, wọ́n ti ń jẹ nshima. Bwembya la dúró dè."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Kò dúró gbọ́ èsì wọn. Ojú Bwembya ló ń wò, bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn, kò sì gbé ẹsẹ̀. Bwembya fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí ò jẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Omi adágún náà dákẹ́ láti etí kan dé èkejì. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ṣe, ìgbẹ̀yìn tó mọ́, tí kò sí adájọ́ kankan tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló sọ fún àwọn méjì tó dì í mú. Wọ́n fi í sílẹ̀.

"Mbuya," ni Bwembya wí, ó sì ya apá méjèèjì. "Kò sẹ́nì kankan lómi mọ́ àfi èmi. Máa bọ̀."

Jere na apá rẹ̀ méjèèjì, ó bẹ́.